Tíì Tó Bí Ráàpù Afalẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akọ̀ròyìn obìnrin kan tó ń kọ ìtàn ráàpù afalẹ̀, orin tí gbogbo ọ̀dọ́ ìlú náà ń gbọ́, wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí orí tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń pá. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ṣí ìwé rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dá orin afalẹ̀ sílẹ̀.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Ó wà lára ògiri yín níbẹ̀ yẹn.”

Onígbàjámọ̀ wo ògiri, ó fi táwẹ̀lì bo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Oníbàárà ni mo kọ ìyẹn fún. Tó bá ti di ti ìwé ìròyìn, ẹ̀rù ń bà mí. Àbúrò, mi ò dá a sílẹ̀. Mo dà á sílẹ̀ ni.”

“Kí lẹ dà sílẹ̀?”

“Tíì. Sórí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tá a fẹ́ lọ díje ráàpù ní gbọ̀ngàn ìlú. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìlù tó ti ń sáré wá ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.”

“Nínú ìwádìí tèmi, bí orin yẹn ṣe ń fà, àmì ìnira àwọn òṣìṣẹ́ ni.”

“Ṣúgà ni. Mo fẹ́ràn ṣúgà nígbà yẹn. Ó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ.”

Akọ̀ròyìn fa igi lé “ìnira”, ó kọ “ṣúgà”.

“Ẹ ò wá padà sílé?”

“Wọ́n ti pe orúkọ mi. Mo wá ń dúró de ìlù bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan, mo mí, mo sọ òmíràn.”

“Mímí yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn olórin báyìí.”

“Àyà mi ló ń já.”

“Àwọn èrò ńkọ́? Mo gbọ́ pé ṣe ni wọ́n ń mirí.”

“Àwọn tó wà níwájú ń mirí lóòótọ́, àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé bí wọ́n ṣe ń jó o nìyẹn, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀. Kí n tó parí, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń mirí.”

“Jígí dúdú tẹ́ ẹ wọ̀ nínú fọ́tò ńkọ́?”

“Ẹkún ni.”

“Ẹkùn. Orúkọ tẹ́ ẹ fi ń kọrin nìyẹn?”

“Ẹkún, àbúrò. Mò ń sunkún. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi rí ojú mi. Iwájú ló jókòó sí, òun ló kọ́kọ́ mirí.”

Akọ̀ròyìn gbé ẹ̀rín mì. “Ṣùgbọ́n ẹ gba ipò kìíní.”

“Mo gbà á. Láàárín oṣù kan, kò sí ọmọ tí kì í da tíì sí ẹ̀rọ ládùúgbò wa. Àwọn ìyá ń fi ẹ̀rọ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi orin sílẹ̀?”

Onígbàjámọ̀ mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tó mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ìlù bá tún ń sáré. Mo gun orí ìtàgé, mo ráàpù bí mo ṣe fẹ́ látilẹ̀. Wọ́n hó lé mi lórí. Wọ́n ní mi ò mọ afalẹ̀ kọ, kí n lọ kọ́ ọ dáadáa.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ìyẹn ló tún bí wọn nínú jù.”

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Mo lọ kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀. Látìgbà náà, kò sí oníbàárà tó dìde lórí àga yẹn tí kò jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó ń falẹ̀ tó mi.”