Ikọ́ Tó Fẹ́ Wọ Yunifásítì

Ní ọ́fíìsì ilé ìwé oko kan, níbi tí adìẹ ń yé ẹyin sí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀gá tíṣà ń fi sìkáàfù wé ọrùn ọmọbìnrin tó gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ Òyìnbó. Yunifásítì máa pè é lórí fóònù láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á gbà á.

"Ó ń fún mi lọ́rùn, sà," ni ọmọ náà wí. "Fóònù mà ni. Wọn ò ní í rí sìkáàfù."

"Ikọ́ tí ò bá múra kì í dún dáadáa. Ohun yòówù kí wọ́n bi ọ́ lÓyìnbó, ṣáà máa wúkọ́, kí wọ́n lè rò pé àìsàn ni ò jẹ́ kó o sọ̀rọ̀. Ó yá, wọ́n ní kí lorúkọ rẹ?"

"Húhù! Húhù!"

"Ikọ́ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn! Ọdún mẹ́rin lo fẹ́ lò níbẹ̀. Wú u látinú ikùn."

"Sà, ẹ kúkú kọ́ mi bí mo ṣe máa ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá rọra sọ ọ́, ó lè yé mi."

"Kí wọ́n rọra kẹ̀? Kí wọ́n lè mọ̀ pé oko lo ti wá? Ìwọ tó o gba ipò kìíní!"

"Àwa mẹ́ta la wà ní kíláàsì, sà. Àwọn méjì tó kù ò wá ṣèdánwò."

"Kìíní ni kìíní ń jẹ́!"

Fóònù dún. Adìẹ fò jáde. Ọ̀gá tíṣà gbé e, ohùn obìnrin kan sì ń da Òyìnbó bí òjò orí páànù.

"Sà," ọmọ náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yin ló ní òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Húhù! Húhù!" Ọ̀gá tíṣà já sìkáàfù lọ́rùn ọmọ, ó wé e mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó ti fóònù sí i lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà rántí báàgì tí ìyá rẹ̀ ti dì sílẹ̀ láti ìjẹta. Ó mí kanlẹ̀. Pẹ̀lú Òyìnbó tó ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́ rọra sọ ọ́. Ìyẹn rọra. Ọmọ dáhùn. Wọ́n tún bi í, ó tún dáhùn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ọ̀gá tíṣà béèrè lábẹ́ sìkáàfù.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀, sà! Wọ́n ní kíláàsì wà fún ẹni tí Òyìnbó rẹ̀ ò tíì dán, tí ò bá ṣáà ti tijú àtibéèrè."

"Èmi ńkọ́? Wọ́n sọ nǹkan kan nípa mi?"

"Wọ́n ní kí ẹ tètè lọ rí dókítà. Mo ní àìsàn náà kì í ṣe tuntun, sà. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń kọ́ wa lÓyìnbó ló ti ń ṣe yín."