Kóòtù Ọbayẹmí Nínú Oko Iṣu

Nígbà tí Ọbayẹmí gbọ́ pé katakata tó ń túlẹ̀ fún ilé tuntun ti dé ẹ̀yìn ẹ́síteètì wọn ní Lokogoma l'Ábújá, iṣu rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó ti fọ́nnu fún gbogbo ìjọ pé iṣu ọwọ́ òun lòun máa gbé wá síbi ìkórè ọdún yìí.

Oko ọ̀hún kì í kúkú ṣe tirẹ̀. Bàbá Yàhàyá, àgbẹ̀ Gbàgyí tó ni ilẹ̀, ló yá a níbẹ̀. Oko bàbá yìí náà ni ibi tí wọ́n kọ́ ẹ́síteètì sí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ orí ebè ni Ọbayẹmí tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Ilé ń lé oko, oko ń sá, ẹni tó ń gbé inú ilé tún ń sáré tẹ̀lé oko!

"Ẹ jẹ́ ká tètè wa iṣu wa," ni Bàbá Yàhàyá wí.

Ọbayẹmí kọ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ìjọba lòun, òun mọ ohun tó ń ba àwọn oníkatakata lẹ́rù.

Ó ri igi mọ́lẹ̀, ó gbé kóòtù tó fi ń lọ ìpàdé ní ọ́fíìsì wọ̀ ọ́, ó so táì mọ́ ọn, ó fi igbá ṣe orí, ó dé e ní akoto. Àwọn àgbẹ̀ yòókù ń ṣe aṣọ́komásùn fún ẹyẹ. Tiẹ̀, katakata ló ṣe é fún.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó kúkú ṣiṣẹ́. Japheth, ọmọ Kábà tó ń wa katakata, rí ọ̀gá kan lókèèrè tó dúró ṣánṣán láàárín iṣu. Ó paná ẹ́ńjìnnì. Títí ilẹ̀ fi ṣú, katakata ò mira.

"Bàbá, ṣé ẹ rí i?" ni Ọbayẹmí wí. "Ìwé la kà."

Bàbá Yàhàyá ti gbé ọkọ́. Iṣu tiẹ̀ ló ń wà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọbayẹmí sá níbi iṣẹ́, ó fara pamọ́ sínú àgbàdo kó lè wòran. Japheth sọ̀ kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ lókèèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé ká máa bá iṣẹ́ lọ?"

Afẹ́fẹ́ fẹ́ fẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Igbá náà rọra tẹ̀ wá síwájú, ó padà, ó tún tẹ̀ wá síwájú, bí ẹni tó ń sọ pé ó dáa.

"Ẹ ṣé gan-an, sà!"

Gbàràgàdà! Katakata ti wọnú ebè.

Ọbayẹmí bẹ́ jáde, irun àgbàdo kún orí rẹ̀. "Dúró! Èmi ò gbà!"

"Ta ni yín?"

"Èmi ni mo ni oko!"

"Ẹ ti pẹ́. Ọ̀gá yín ti gbà. Èèyàn dáadáa ni, kò tiẹ̀ ní ká mú nǹkan wá. Irú wọn ṣọ̀wọ́n l'Ábújá."

Nígbà tí katakata fi máa jáde, ebè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú oko, èyí tí ọ̀gá dúró sí. Japheth fi ọ̀wọ̀ yà fún un.

Ọbayẹmí gbé iṣu kan àti kóòtù kan délé. Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yẹ kóòtù wò tinú-tẹ̀yìn.

"Bàbá Mofẹ́, kí lẹ retí? Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń wọ kóòtù yìí lọ ìpàdé, ìgbà wo ló sọ pé òun ò gbà rí?"