Orúkọ Ara Míkírò

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Yorùbá ní àdúgbò Boukoki ní Niamey lánàá, míkírò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ló fà á. Àlàájì Gbàdàmọ́sí, aláṣọ ní àdúgbò Maourey, ló pe Àmír lẹ́jọ́. Gbígbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ síbi ìkómọ àti yìgì ni Àmír fi ń jẹun. Àlàájì ní kí Baálẹ̀ kéde pé kí Yorùbá kankan má ṣe gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní Niamey. Ẹ̀rù ba Àmír gidigidi, nítorí kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

"Kábíyèsí, níbi yìgì ọmọ mi, mo rí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lára míkírò Àmír, mo sì wàásù, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ayédèrú ni, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí."

"Òótọ́ ni, Àmír?"

"Òótọ́ ni, Kábíyèsí. Èmi ni mo kọ orúkọ síbẹ̀. Èyí tó lórúkọ gan-an àti tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ, ohùn èèyàn ló ń mi wáyà inú àwọn méjèèjì. Nígbà tí tèmi ò tíì lórúkọ, Àlàájì ní ó ń ha. Mo kọ orúkọ sí i, wọ́n ní oyin ni. Franchement, kí n má parọ́, oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ ni mo fún wọn."

Zuhrah tó ń lé wákà fún àwọn obìnrin àsàlátù jẹ́rìí pé míkírò náà dùn. Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀, ó ní òun rí orúkọ. Ìsà, tí òun náà wà níbi yìgì, ní irọ́ ni, ó ń ha bí ẹni ń fọ ìkòkò.

"Ìgbà wo lo gbọ́ ọ?" ni Baálẹ̀ bi Ìsà.

"Lẹ́yìn tí iná lọ, Kábíyèsí."

"Iná ti lọ, kí wá lo gbọ́ tó ń ha?"

Ìsà wojú ilẹ̀. Ó ní ohùn Àlàájì fúnra rẹ̀ ni.

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Àmír ò lè bá wọn rín in. Baálẹ̀ fa àǹkárá tí Àlàájì mú wá kí i yọ, ó ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sétí aṣọ náà: Hòláńdì.

"Gbàdàmọ́sí, níbo ni wọ́n ti ṣe é?"



"Ṣáínà ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí orúkọ yẹn, wọn kì í rà á."

Baálẹ̀ ní kí Àmír ha orúkọ kúrò lára míkírò. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Àlàájì dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, kí ó fi míkírò aláìlórúkọ náà ka ibi tí aṣọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, kí gbogbo Maourey gbọ́. Àmír ni yóò gbé ẹ̀rọ wá.

Àlàájì dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, míkírò náà dára. Mo ti gbà."

"A ò tíì gbọ́ ọ," ni Baálẹ̀ wí, ó sì ti àǹkárá náà sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.