Bọ́sẹ̀ Kò Tíì Já Lẹ́nu Ọmú

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ akódà kóòtù, ọmọ lẹ́yìn mi, tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà rò pé ọkọ tuntun ló ń gbé mi lọ sílé. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ilé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni mo lọ bí Bọ́sẹ̀ sí. Nígbà tí mo padà dé Agége lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn yàrá wa fún mi. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi." Èmi, ìyálé, lọ́mọ ọdún méjìlélógún! Yàrá kan ṣoṣo la ní, bẹ́ẹ̀dì kan. Mo ní kí ọkọ mi wá yàrá mìíràn fún mi. Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, yàrá kò dé. Ni mo bá gbé ọmọ mi pọ̀n, mo lọ háyà yàrá tèmi lẹ́bàá rélùwéè, mo ń ránṣọ. Mo sì pinnu pé kóòtù yá.

Ọ̀mọ̀wé lèmi, ẹ má gbàgbé; mo ka ìwé dé fọ́ọ̀mù kẹrin. N kì í wọ odò láìwọn jíjìn rẹ̀. Mo ra ìwé ẹsasáìsì, mo fi rúlà fa ìlà pupa sí i, mo kọ gbogbo ohun tí ọkọ kíkọ yóò ná mi sílẹ̀: owó sámáǹsì, àti owó orí tí wọ́n san lé mi lórí, tí mo gbọ́dọ̀ dá padà. Mo ta yẹtí góòlù tí ìyá mi fún mi, owó pé. Ọkàn mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé mi dọ́gba.

Akọ̀wé kóòtù, bàbá kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ etí, gbé kálámù sókè.

"Kí lorúkọ ọkọ tuntun?"

"N kò ní, sà."

"Ọkọ tuntun ló ń san owó orí padà fún ti àtijọ́. Ta ni yóò san tìrẹ?"

"Èmi fúnra mi ni, sà."

Ó sọ kálámù sílẹ̀, ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ nínú yàrá kejì: "Ẹ wá wo obìnrin tó fẹ́ fẹ́ ara rẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó ní owó ẹsẹ̀ akódà tí yóò mú sámáǹsì lọ fún ọkọ mi ńkọ́? Máìlì ni wọ́n fi ń ka ẹsẹ̀ akódà, láti Agége títí dé ilé iṣẹ́ ìṣó tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà. Èmi náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí n nawọ́ sí ọkọ mi. Kò sí èyí nínú ìwé mi. Mo san án, owó ọkọ̀ tèmi sì wọgbó. Akódà ṣàánú mi. "Ìyàwó, gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, jàre."

Ọkùnrin gìrìwò ni, kakí ìjọba lọ́rùn, fìlà pupa lórí. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí, mo di ìbàdí rẹ̀ mú. Ṣéènì bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó ti ń tò ó, òróró dúdú ta sí ìró mi. Bọ́sẹ̀ náà tọ̀ sí mi lẹ́yìn. Gbogbo àdúrà mi ni pé ká tètè dé, kí n nawọ́, kí n sá. Bí a ti dé ẹnu géètì gẹ́lẹ́ ni fèrè ọ̀sán dún, òṣìṣẹ́ sì tú jáde bí èèrà.

"Háà!" Ohùn ọkọ mi ni. "Ẹ wá wò ó! Ọkọ tuntun rè é! Aṣọ ìjọba ló tilẹ̀ wọ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe pé, "Ìyàwó tuntun, ẹ kú oríire o!" Ọwọ́ mi ṣì wà ní ìbàdí akódà, n kò rántí mú un kúrò.

"Èmi kẹ̀?" Inú bí akódà. "Mẹ́ta ló wà nílé, wọn ò jẹ́ n sùn, kí n tún wá gba ẹ̀kẹrin tọmọtọmọ?" Ó fi ìwé sámáǹsì gbá ọkọ mi láyà. "Mo ti fi kàn ọ́. Ọjọ́bọ̀, kóòtù!"

Lọ́jọ́bọ̀ náà, owó orí kọ́ ló dà mí láàmú. Mo kà á sórí tábìlì, àwọn adájọ́, àgbà mẹ́ta, ní ó pé. Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí èyí àárín gbójú sókè.

"Ọmọ ńkọ́?"

Mo ṣí ẹsasáìsì mi. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ń wá ọmọ láàárín ìlà pupa bí òmùgọ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí n óò san, n kò ka Bọ́sẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọmọ, ti bàbá rẹ̀ ni," ni àgbà náà wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń mu ọmú. Ọjọ́ tó bá já lẹ́nu ọmú, kí bàbá rẹ̀ wá mú un." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. N kò já a. Ó pé ọdún kan, ó ń mu. Ó pé ọdún méjì, eyín kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, ó ń gé mi jẹ, mo sì ń fún un. Bí aago kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ bá ti dún níta, màá yára gbé e sẹ́nu ọmú. Ọkọ mi àtijọ́ á yọjú: "Ó ti já?" Èmi náà á ní, "Kò tíì já, Bàbá Bọ́sẹ̀."

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, bàbá rẹ̀ tún dé. Bọ́sẹ̀ jókòó sí àgbàlá, ó ń fi eyín bó ìrèké. Mo ṣí bùbá mi kíákíá. "Bọ́sẹ̀, ọmọ mi, wá mu ọmú o."

Ó tu háhá ìrèké sílẹ̀. "Màmá, ṣebí mo ti sọ fún yín lánàá pé mi ò mu ún mọ́."

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Ọkọ mi wo ọmọ, ó wo ìrèké, ó wo èmi tí mo di bùbá mú.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ó ní, "mo rí i pé kò tíì já. Màá tún padà wá wò ó lọ́dún tó ń bọ̀." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò kóòtù, ẹ ka owó yín dáadáa, kí ẹ má gbàgbé ẹsẹ̀ akódà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò lè fowó rà padà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, èmi tí n kò béèrè ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀ ti wọ ilé ìwé báyìí, rúlà mi ló fi ń fa ìlà pupa tirẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí ìwé kóòtù wò, ọmú ló ṣì ń mu.