Èémí Mi Lọ́wọ́ Àna

Ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi lọ tọrọ ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Ní nǹkan bí ọdún 1988 ni. Iṣẹ́ rewáyà, ìyẹn títún wáyà iná mọ́tò ṣe, ni mò ń ṣe ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì rò pé ojú mi ti là. Fọlákẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin náà, pákó ni bàbá rẹ̀ ń tà. Láti àárọ̀ ni inú ti ń run mí, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá mi pé ká sún ọjọ́ àna síwájú nítorí inú rírun? Mo mu omi gbígbóná, mo wọ agbádá, a wọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé iyán ka iwájú wa, mi ò lè kọ̀ ọ́. Ọkọ ìyàwó tó bá kọ oúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní ó ń fura sí àwọn ni. Mo jẹ ẹ́ tán pátá. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó gbé wa wá ni ìrora náà gbá mi mú níkùn lápá ọ̀tún. Mo dìde kí n sáré jáde, agbádá kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú, mo sì bì sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa tó wà láàrin pálọ̀. Bàbá Fọlákẹ́ kò wo ti kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbé mi sí iwájú ọkọ̀ tó fi ń kó pákó, ó ní kí bàbá mi wọlé tì mí, ó sì wà wá lọ sí ọsibítù.

Dókítà tẹ̀ mí níkùn, ó ní apẹ́ńdíìsì ni, ìyẹn ìfun kékeré kan tó ti wú, àti pé iṣẹ́ abẹ náà kò lè di ọjọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Ó wá kan èyí: ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí iṣẹ́ abẹ fún ní wàhálà rí, tí kò tètè jí, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹnì kan wà. Àbúrò bàbá mi ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ìbàdàn nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé. Wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n fi ń dẹ gbogbo ẹran ara kí iṣẹ́ abẹ lè rọrùn, kì í sì í pẹ́ kúrò lára. Lára tirẹ̀, ó kọ̀, kò lọ. Ẹ̀rọ ló bá a mí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn dókítà ibẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, kí a máa sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fi abẹ kàn wá. Ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì ní kó má jáde nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì lọ́kọ nígbà yẹn, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ẹbí kí wọ́n tó fẹ́mọ wọn.

Mo lanu láti sọ ọ́. Bàbá Fọlákẹ́ ló dúró níbi orí mi, ó bá mi di fìlà mi mú. Kí n tó sọ̀rọ̀, bàbá mi ti dáhùn.

"Kò sí o, dókítà. Ara le nínú ẹbí tiwa."

Èmi náà bá pa ẹnu mi dé. Mo ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo jí, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti kú. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ojú mi kò ṣí, ìka mi kò mì. Mo fẹ́ mí, àyà mi kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn wọlé fúnra rẹ̀, ó jáde, ó tún wọlé. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ mí lọ́fun, ẹnì kan sì ń fi ọwọ́ tẹ àpò kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú mi. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sunkún, tó ń jẹ́wọ́ fún dókítà pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àbúrò òun. Dókítà ní oògùn náà yóò kúrò tó bá yá, kí wọ́n ṣáà máa tẹ àpò, kí wọ́n má dúró. Ẹnu ìyẹn ló wà tí wọ́n fi kó àwọn tí mọ́tò wọn dojú dé wọlé, dókítà sì sáré lọ bá wọn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú. Ó ní kí bàbá mi gba àpò náà díẹ̀ lójú òun, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ẹkún kò jẹ́ kí òun ríran. Bàbá Fọlákẹ́, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló gbà á.

Ẹ̀rù kò tíì bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Èémí mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ fún. Ó ń tẹ àpò náà dáadáa, ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kó gbádùn. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ṣàlàyé, gbogbo ìgbà tó bá sì ti ṣàlàyé ni ọwọ́ ọkùnrin náà ń falẹ̀.

"Ṣé ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó wá sílé mi?" ni Bàbá Fọlákẹ́ béèrè.

"A mọ̀, àna wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọwọ́ náà dúró. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ìyàwó mọ́, ohun tí mò ń tọrọ ni pé kó bá mi pa bàbá mi lẹ́nu mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá Fọlákẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ o, atẹ́gùn sì wọlé.

Ó jọ pé omi bọ́ lójú mi, nítorí mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé ó dà bíi pé mò ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá Fọlákẹ́ wá fi ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ọmọ mi, tí o bá ń gbọ́ mi, má bẹ̀rù. Mi ò ní dáwọ́ dúró."

Kò sì dáwọ́ dúró. Ó ń tẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́, títí tí ìka mi fi mì, tí èmi fúnra mi sì mí.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà náà, tí mo ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Fọlákẹ́ wọlé wá. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀, bàbá mi ni màá di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Ó kàn bi mí bóyá mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń béèrè. Mo ní mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ló dáhùn. Fọlákẹ́ dá mi lóhùn.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ara yín ni wọ́n ń bi yín, ẹ sì dákẹ́. Kí lẹ máa wá sọ fún èmi?"

Mo fa aṣọ ìbora bo ojú.

Kò sí ìjà. Wọ́n dá ẹrù tí a gbé wá tọrọ Fọlákẹ́ padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Fọlákẹ́ fẹ́ olùkọ́ kan ní apá Ìrẹsà, èmi náà sì gbéyàwó nígbà tó yá. Ó dùn mí, kò sì yé dùn mí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọ̀ mí lára débi pé tí mo bá lọ yọ eyín lásán, kí wọ́n tó bi mí ni mo ti ń ròyìn ara mi àti àbúrò bàbá mi, tí àwọn nọ́ọ̀sì á máa wo ara wọn lójú.

Bàbá Fọlákẹ́ ni mi ò lè fi sílẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń gbé iṣu lọ kí i. Lọ́dún kan, mo bá Fọlákẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ó sì bi mí léèrè níṣojú gbogbo wọn bóyá mò ń mí dáadáa. Mo ní mò ń mí, bàbá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yára jáde lọ wo táyà ọkọ̀ mi tí nǹkan kan kò ṣe.