Ọjọ́ tí Fóònù Mi Bá Gbogbo Agbo Ilé Ṣínu

Ọjọ́ kan wà láyé mi tó jẹ́ pé bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, àwọn ará Bẹyẹrunká, àdúgbò wa, ò ní gbà fún mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ ní Ọjà'ba, mo sọ ọ́ ní Bẹẹrẹ, mo tún sọ ọ́ lábẹ́ bíríjì Mọ́lété fún ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí, tó kàn dá mi dúró pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni fóònù yẹn?" Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́ lọ kà á, kí n lè ráyè sùn.

Èmi àti fóònù ti ń bá a bọ̀ tipẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní já sí ṣáláńgá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń dún níbẹ̀, tí ẹ̀rù ń ba àwọn tó wọlé láti jókòó. Ewúrẹ́ ló jẹ ìkejì. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ewúrẹ́ náà ti kú, kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Púráímárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n máa sọ lórí bẹ́ǹṣì iwájú mọ́sálásí wa tí n kì í dá sí. Mo ní èrò tèmi lórí bátìrì, mo ní lórí dátà, mo tún ní lórí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n nílé gẹ́ẹ̀mù, tí wọ́n á jókòó látàárọ̀, tí wọ́n á máa pariwo "góòlù", tí òógùn ò ní yọ lára ẹnì kankan. Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí.

Inú ààwẹ̀ Rámádáánì lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìyá Ráfá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé, wà nínú agbo ilé wa. Ọdún mẹ́ta ni àìsàn ò jẹ́ kí ìyá náà gba ààwẹ̀, tálákà la máa ń bọ́ dípò rẹ̀. Lọ́dún yẹn, dókítà ní kó dán an wò. Ìyá ní, "Ẹ jẹ́ n gba odidi oṣù kan sí i, kí n tó lọ bá ọkọ mi." Ó ti gba méjìlélógún, kò yẹ ọ̀kan. Gbogbo ilé ló ń bá a ka ọjọ́. Bó bá ti ṣínu, àwọn ìyàwó ilé á pàtẹ́wọ́, ìyá á sì rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Lálẹ́ ọjọ́ kejìlélógún náà, lẹ́yìn ìṣínu, ni fóònù tuntun dé. Sàúdátù, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Maidúgùrí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ló fi ránṣẹ́. Fóònù náà fẹ̀ débi pé èèyàn lè gbé ẹ̀kọ méjì lé e. Ọmọ mi ti fi áàpù kan sí i tó máa ń pe ìrun fúnra rẹ̀. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, áàpù yẹn kì í ṣe títà. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mọ ilé tí mò ń gbé: ẹni kan gbé omi wá, ẹlòmíràn po amọ̀, kò sẹ́ni tó gbowó. Mo ti rí èyí tó wà nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn. Kó tó sọ àkókò ìrun fún ọ, á kọ́kọ́ polówó ìpara tó ń bóra fún ọ.

Sàúdátù tún ní, "Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ó máa bi yín bóyá kí òun mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

Lóòótọ́, ó bi mí. Mo wò ó títí. Kí ni fóònù fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Ìyàwó mi tó ti bá mi gbé láti ìgbà èwe, kò mọ ibi tí mo máa ń wà. Mo tẹ rárá. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo tún tẹ rárá, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè yé e.

Lọ́jọ́ kejì, a ń jẹ sààrì lọ́wọ́ ni fóònù pe Asùbáà. Gbogbo wa gbé abọ́ kalẹ̀. Nígbà tó pẹ́ ni Alájì Múkáílà, ládàánì wa, tó pe tirẹ̀. Àwọn ilé kejì ti jẹun yó, àwa ti panu mọ́ tipẹ́. Ìyàwó mi ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀kọ mi ṣì kù nínú abọ́ o." Mo ní ẹ̀rọ náà bẹ̀rù Ọlọ́run ju Alájì lọ ni. Àwọn kan tilẹ̀ yìn mí. Ìyìn yẹn ló bà mí jẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo lọ bá Alájì lórí bẹ́ǹṣì. Aago ògiri kan ló ń lò, èyí tó máa ń fara balẹ̀ nù láràárọ̀.

Mo ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí aago yìí sinmi. Ó ti dàgbà jù mí lọ."

Ó ní, "Aago yìí ò purọ́ fún mi rí. Fóònù yín dé lánàá, ẹ ti fẹ́ fi jẹ ládàánì."

"Ṣé ẹni tó ń fi fóònù fọ́ bọ́ọ̀lù aláràbarà láti Aílà títí di Aláásárì ló ń bá mi sọ̀rọ̀ fóònù?"

"Gẹ́ẹ̀mù nìyẹn. N ò fi gẹ́ẹ̀mù pe ìrun fún ẹnì kankan."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Mo wọlé, mo yá sipíkà tí ìyàwó mi fi ń gbọ́ wàásí, mo so ó mọ́ fóònù, mo gbé e sójú wíńdò.

Nírọ̀lẹ́, òjò ṣú. Ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, iná ò sí, gbogbo ilé ti gbé dàbínù àti àkàrà síwájú. Lójijì, sipíkà mi ké: "Allāhu Akbar!" Ariwo rẹ̀ dé Ìdí Arẹrẹ. Kò sí ẹni tó bèèrè. Agbo ilé mẹ́ta gbé omi sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí Ìyá Ráfá tó gbé ife tirẹ̀, tó mu ún dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́: "Ó di mẹ́tàlélógún!"

Àfi bí Alájì Múkáílà ṣe já lu àárín agbo ilé. Kẹ́tùrù àlùwàlá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, aago ògiri wà lábíyá òsì. "Ta ló pè é? Ta ló pè é? Kò tíì tó! Kò tíì tó o!"

Mo ní, "Alájì, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ ò rí i ni?"

Ìgbà náà ni atẹ́gùn kan fẹ́. Ìkùukùu ya, oòrùn sì yọjú. Kì í ṣe oòrùn kékeré o. Ó pupa, ó rí roboto bí abọ́ ìrẹsì, ó dúró lórí páànù, ó ń wò wá. Àwa náà ń wò ó, àkàrà lẹ́nu. N ò mọ̀ bóyá kí n gbé tèmi mì ni tàbí kí n tu ú.

Ìyá Ráfá rọra gbé ife kalẹ̀. "Akọ̀wé," bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, torí pé èmi nìkan ló bá nílé tó ń mú síléètì lọ sílé ìwé, "ṣé kò tíì tó ni?"

Mo wọ yàrá, mo pe Sàúdátù.

Ó bi mí pé, "Bàbá, ibo lẹ sọ fún un pé ẹ wà?"

"N ò sọ ibì kankan fún un."

"Ó ṣì rò pé ẹ wà ní Maidúgùrí níbi tí mo ti fi áàpù náà sí i nìyẹn. Oòrùn ti ọ̀dọ̀ wa ti wọ̀. Tiyín kù díẹ̀."

Àfáà mọ́sálásí wa ní Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó ṣèèṣì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún ìtúnu, kí olúkúlùkù san ọjọ́ náà padà. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé. Mo rìn títí orúnkún mi fi ń dún. Ilé kan bu omi sí mi lára, wọ́n ní àwọn ò rí mi. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ráfá, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde, Akọ̀wé. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ san án, ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì mí."

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu la san án. Gbogbo ilé ń jẹun, èmi àti ìyá jókòó sínú yàrá rẹ̀, a ń wo ara wa. Nírọ̀lẹ́, Alájì pe Mọ̀gàríbì. Ìyá gbé ife, kò mu ún. "Ẹ lọ wo ìta."

Mo lọ. Mo padà dé. "Ó ti wọ̀, Ìyá."

"Ẹ tún lọ wò ó."

Mo tún lọ, mo tún bọ̀. Ó ní kí n lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Orúnkún mi ní òun ò lọ mọ́. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo ka ení dé ogún, mo tún wọlé. "Ilẹ̀ ti ṣú kanrin."

Ó ní, "Ẹ ò dé ìta. Mo ń wo ẹsẹ̀ yín lábẹ́ kọ́tìnì."

Mo lọ. Mo dé ìta, mo gbójú sókè, mo wo gbogbo ọ̀run yíká. Nígbà tí mo padà, mo sọ fún un, ó wo ojú mi, ó sì mu omi rẹ̀. Odidi oṣù rẹ̀ pé. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀fun mi tó ti gbẹ fi ń dùn mí.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá fẹ́ sọ fún ọmọlàkejì rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, kó dé ìta ná. Áàpù náà ò jẹ̀bi, àwọn tó kọ ọ́ ò jẹ̀bi. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi arúgbó tó ń fara pamọ́ fún fóònù ni kí ẹ bá wí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn.