Mo Fi Àdúrà Sọ̀kò Ọ̀rọ̀ sí Mọ́mì Akáńtì

Ọjọ́ Ajé kan wà tí ọkàn mi kò tíì gbà kí n gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó oṣù mi àkọ́kọ́ níléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ní Mowe. Mo ti ṣèlérí fún ìyá mi ní Ifọ̀ pé odindi owó náà ni màá kó lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n fi súre fún mi. Mo tiẹ̀ ti ka iye tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ sí wọn létí.

Àfi bí owó ṣe wọlé tí kò pé. Ẹ̀rù bà mí, inú bí mi, ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí. Màmá á rò pé mo ti bù ú jẹ ni. Ó yẹ kí n bi Mọ́mì Akáńtì tó ń sanwó fún wa, ṣùgbọ́n èmi ọmọ yunifásítì, ṣé màá wá máa béèrè? Mo ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn ló jí i.

A máa ń gbàdúrà láràárọ̀ ọjọ́ Ajé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní èmi ni màá darí rẹ̀.

“Olúwa, ẹnikẹ́ni tó bá di owó ọmọ ọlọ́mọ mọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì yìí, kí ọwọ́ náà rọ.”

Mo la ojú kan wo Mọ́mì. Àmín tiwọn ló ròkè jù. Ó dùn mí, ni mo bá fi kún un: kí oúnjẹ má dùn lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí oorun sá fún un. Dírẹ́bà wa ń pariwo iná.

Bá a ṣe ṣe tán, Mọ́mì fìka pè mí, wọ́n na ìwé owó oṣù mi sí mi.

“Wòólì, ẹ jókòó. Owó orí tí ìjọba yọ rèé. Owó ìfẹ̀yìntì yín rèé. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ìjọba lẹ ní kó rọ, màá tún ṣe àmín sí i.”

Mo dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Nígbà tí mo rọra béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó náà ṣe, ojú fèrèsé ni Mọ́mì yíjú sí. Níta, àwọn èrò ń ti kẹ̀kẹ́ Márúwá jáde nínú ẹrẹ̀.

Ní Sátidé, mo kó ìyókù lọ sí Ifọ̀, mo ṣàlàyé pé kí owó tó kan òṣìṣẹ́ ni ìjọba ti ń yọ tirẹ̀. Màmá ka owó náà tán.

“Ìjọba yẹn, ṣé òun náà pọ̀n ọ́ rí ni?”

 Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n súre, wọ́n sì ní ìwọ̀nba èyí tó délé làwọn ṣàdúrà sí.

Mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn béèrè kó tó gbàdúrà. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí eyín ń dùn ni.